Ohun Tí Mo Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù Oúnjẹ Tófúnmi

Ilé Bọ́dúndé,
Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì Àtijọ́,
Ayédùn-Èkìtì.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025.

Ìbídùn, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé Ilésanmí ọkọ rẹ ń lọ sí iléeṣẹ́ wọn ní Ìlúpéjú tó sì ń bọ̀ láyọ̀? Tófúnmi ọmọ mi ńkọ́, ṣé eyín iwájú tó ń mì yẹn ti yọ? Ọlọ́run tó mú mi dé ilé láti ibùdókọ̀ Ọ̀jọ́dù láìsí ewu ni yóò máa ṣọ́ àlọ yín, tí yóò sì máa ṣọ́ àbọ̀ yín. Ọ̀gá tuntun tí wọ́n gbé wá sí ọ́fíìsì yín ní Aláúsá, ojú rere ni yóò máa fi wò ọ́. Ohun tí ẹ ń jẹ yóò máa ṣe yín lóore, kò ní di àìsàn sí yín lára. Àmín.

Kí n tó sọ ohunkóhun, mo mọ̀ pé o pè mí. Ìgbà mọ́kànlá ni o pè láti ìgbà tí mo ti dé, mo kà á, n kò sì gbé e. Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì o, má jẹ́ kí Ilésanmí tàn ọ́. Inú ló ń bí mi. Mo máa ń gbé fóònù náà sórí tábìlì, màá máa wò ó bó ṣe ń gbọ̀n rìrì, màá ní kí ó máa gbọ̀n lọ títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá ni mo wá rí i pé èmi gan-an ló ń rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ gùn, n kò sì fẹ́ kí káàdì tán láàárín ọ̀rọ̀.

Gbogbo ilé kí ọ. Àbúrò mi obìnrin ní kí n sọ fún ọ pé aṣọ tí o fi ránṣẹ́ bá òun mu, ó kàn fún un díẹ̀ lápá ni. Ewúrẹ́ dúdú yẹn bí méjì, ọ̀kan kú. A ti wa iṣu tuntun, ó ta dáadáa lọ́dún yìí. Wọ́n ti kan páànù ṣọ́ọ̀ṣì tán, kò jò mọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó máa ń sọ pé nítorí jíjò ni àwọn kò ṣe ń wá kò tíì wá síbẹ̀. Àwa tí a ń wá tẹ́lẹ̀ náà la ṣì ń wá.

Ó yá, ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù. Mo fẹ́ kí o jókòó kí o fara balẹ̀ kà á, nítorí lọ́jọ́ yẹn o kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀, èmi náà kò sì mọ ibi tí ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀.

Ìwọ lo ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Omole, pé ọmọbìnrin tó ń bá yín tọ́jú Tófúnmi fẹ́ lọ ṣe ìdánwò ní ìlú wọn, iléèwé sì wà ní ìsinmi. Mo dé, mo bá ọmọ ọdún mẹ́fà tí aṣọ ọmọ ọdún mẹ́rin ṣì ń bá mu. O sọ fún mi pé núdùsì ló ń jẹ, àti búrẹ́dì tí wọ́n bá ti gé èèpo rẹ̀ kúrò, àti adìẹ díndín láti ilé oúnjẹ kan ṣoṣo. Tó bá ti ibòmíràn wá, yóò mọ̀, yóò sì dì í padà sínú ọ̀rá. O ní nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ọmọdé ti wọ̀n ọ́n, kò tẹ̀wọ̀n, wọ́n sì ti fún yín ní fọ́ọ̀mù pé kí ẹ máa kọ bó ṣe ń jẹun lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ máa gbé oúnjẹ oríṣiríṣi síwájú rẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ lè mọ̀ ju ẹyọ kan lọ. O fi kún un pé bí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá gòkè, wọn yóò dá a dúró sí ilé ìwòsàn. Omi ń bọ̀ lójú rẹ bí o ṣe ń sọ ọ́, o sì ṣe bí ẹni pé àlùbọ́sà ni. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé ọmọ yìí kò ní sùn sí ilé ìwòsàn níwọ̀n ìgbà tí èmi Bọ́dúndé bá wà níbẹ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo gbé núdùsì fún un gẹ́gẹ́ bí o ṣe kọ́ mi. Kò la ẹnu. Ó ní kí n tan fóònù. Mo tàn án, àwọn ẹranko kan jáde, wọ́n wọ ṣòkòtò, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Mo rò pé àdúrà oúnjẹ tiyín ní Omole nìyẹn. Mo ṣí fìlà, mo di ojú, mo dúró. Orin náà gùn ju èyíkéyìí nínú ìjọ wa lọ. Nígbà tí mo fi la ojú, ọmọ ti jẹ ṣíbí méjì, ó ti sùn lọ sórí àga, àwọn ẹranko yẹn ṣì ń kọrin. Mo kí wọn kú ìfọkànsìn, mo dé fìlà mi.

Ọjọ́ kejì, ọkùnrin kan gun ọ̀kadà wá sí ilé pẹ̀lú àpótí ńlá lẹ́yìn, ó mú ìrẹsì àti adìẹ jáde nínú rẹ̀, ó ní ti Ìbídùn ni. Mo ń wò ó pé ta ni nínú ẹbí Ilésanmí ló ní irú ojú yìí, tó gbé oúnjẹ láti ọ̀nà jíjìn nítorí ọmọ wa. Mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Mo ní kí ó jókòó kí ó mu omi, mo bi í léèrè ìyá rẹ̀, mo ní kí ó bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ tó dáná, ṣùgbọ́n kí ó rọra sọ fún un pé iyọ̀ pọ̀ díẹ̀. Ó ń wo fóònù rẹ̀ ṣáá, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n fún òun ní ìràwọ̀ márùn-ún. Mo sọ fún un pé ìyẹn ju agbára mi lọ, ọwọ́ Ọlọ́run ló wà, ṣùgbọ́n mo gbàdúrà sí i. Ó ṣe àmín, ó sì lọ. Tófúnmi kò jẹ ìrẹsì náà.

Ṣé o mọ̀ pé ilé yín dákẹ́ jù fún mi? Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ẹ ti jáde, ẹ kì í wọlé títí ọmọ yóò fi sùn. Mo wá máa ń mú un lọ jókòó ti Ùsmán, ẹni tó ń ṣọ́ géètì àdúgbò yín. Ní ọjọ́ kẹta, a bá Ùsmán tó ń jẹ túwó pẹ̀lú ọbẹ̀ ewé oṣè, òun àti ẹnìkan tó ń fọ mọ́tò. Ó ní kí a wá jẹun, bí ọmọlúwàbí ṣe máa ń sọ, mo ní yóò gba ibi ire. Lẹ́yìn ìyẹn kò sẹ́ni tó tún wo Tófúnmi. Kò sẹ́ni tó kọrin fún un, kò sẹ́ni tó ní kí ó la ẹnu kí ọkọ̀ òfuurufú wọlé. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń jiyàn lórí bọ́ọ̀lù. Ọmọ rẹ wò wọ́n, ó tún wò wọ́n, ó sún mọ́ ibẹ̀, ó na ọwọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sọ pé kí ó lọ fọ ọwọ́ ná, òkèlè àkọ́kọ́ ti lọ. Ìbídùn, ó jẹ òkèlè mẹ́rin, ó sì lá ọwọ́.

Láti ọjọ́ náà ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ìyá Wàsíù, ará Ìjẹ̀bú tó wà ní ilé kejì sí yín, ń se ìkọ́kọrẹ́ lọ́jọ́ kejì rẹ̀, ó bu ti Tófúnmi sínú àwo kékeré láàárín àwọn ọmọ tirẹ̀. Ó bá wọn jẹ ẹ́, ó sì bèèrè ẹja sí i. Èmi o, ìkọ́kọrẹ́ yẹn bà mí nínú jẹ́ díẹ̀, kí ènìyàn ní iṣu nílé kí ó wá rin ín. Mo fi sùúrù bi obìnrin náà pé ṣé odó wọn fọ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, n kò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Ẹtì òun náà ló mú wa lọ sí Agége, níbi tí wọ́n ti ń fa búrẹ́dì yọ nínú ààrò, ó gbóná débi pé a ń gbé e láti ọwọ́ kan sí èkejì. Ó ra ẹ̀wà àgànyìn sí i. Tófúnmi tí kì í jẹ èèpo búrẹ́dì jẹ ẹ́ tèèpotèèpo. Ata ta á, omi ń jáde lójú rẹ̀, omi ń jáde nímú rẹ̀, ó ní kí wọ́n bu sí i. Ó tún jẹ àgbàdo sísè àti àgbọn lójú ọ̀nà, ó mu fùrá lọ́dọ̀ Ùsmán nígbà tí a dé. Mo ń wò ó, inú mi ń dùn, mo ń sọ pé ọmọ yìí láyà.

Ohun kan wà tí n kò sọ fún ọ, ojú ló ń tì mí. Ní gbogbo ìgbà yẹn, èmi kò fi nǹkan kan kan ẹnu. Mo ń dúró de iyán tí o máa ń bá mi rà bọ̀ láti ọ̀nà ibi iṣẹ́. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta Ìyá Wàsíù se èkuru, Tófúnmi fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un wá sí ẹnu mi, ó ní kí n tọ́ ọ wò. Mo yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ní kì í ṣe oúnjẹ mi. Ó wò mí. Ó gbé èkuru tirẹ̀ náà sílẹ̀, ó di ẹnu pọ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe dì í, ó sọ fún Ìyá Wàsíù pé kì í ṣe oúnjẹ òun. Ohùn mi ni, Ìbídùn, ọ̀rọ̀ mi ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gbogbo àwọn ọjọ́ tí mo rò pé mo ń wo ẹnu rẹ̀, òun náà ń wo ẹnu mi. Ojú tì mí, síbẹ̀ n kò tọ́ èkuru náà wò.

O wá máa bi mí pé bí ọmọ bá jẹ gbogbo èyí, kí ló dé tí mo kọ òdo. Ohun tí wọ́n bèèrè nínú fọ́ọ̀mù yẹn ni iye ìgbà tí ọmọ jẹun lójúmọ́. Ọdún méjìlélógún ni mo fi ṣe akọ̀wé ìjọ, mo kọ orúkọ ẹni tó ṣèrìbọmi, mo kọ ti ẹni tó kú, n kò kọ irọ́ sínú ìwé rí. Mo jókòó, mo rò ó. Nílé wa, láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, iyán nìkan ni oúnjẹ. Àwọn tó kù, a kàn fi ń panu ni. Bí ènìyàn bá jẹ ìrẹsì àwo mẹ́ta tí wọ́n bi í pé ṣé ó ti jẹun, yóò ní rárá, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fi nǹkan panu ni. O mọ̀, inú ilé yẹn la ti bí ọ. Ti túwó tilẹ̀ dà mí láàmú, mo rò ó títí, mo ní àwọn Ùsmán lè pè é ní oúnjẹ lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n èmi tí mo mú bírò yìí, Èkìtì ni mí. Mo kọ òdo. Mo kọ òdo láti ọjọ́ Ajé títí di Àbámẹ́ta. Lọ́jọ́ Àìkú, Ilésanmí ra iyán fún mi, Tófúnmi sì bù méjì gbé mì nínú rẹ̀. Mo kọ ení gàdàgbà. Inú mi dùn sí ení yẹn.

Ní ti àwọn ojú mẹ́ta tí wọ́n yà sí abẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, mo rò pé ẹni tó ń kọ fọ́ọ̀mù ni wọ́n ń bèèrè, kí wọ́n lè dá a mọ̀ bí wọ́n bá ń wá a. Mo lọ wo dígí nínú balùwẹ̀ yín. Ojú kan ń rẹ́rìn-ín, ìyẹn kì í ṣe èmi. Èkejì, ẹnu rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ̀kẹta ni ẹnu rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ bíi ti bàbá mi, mo sì fa igi sí i lójoojúmọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe já fọ́ọ̀mù náà kúrò lára fíríìjì kí epo má bàa ta sí i, mo fi sínú Bíbélì mi, mo lẹ ẹnu àpòòwé rẹ̀ pa, mo gbé e fún ọ lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé kí o fi sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn bí o bá ń lọ síbi iṣẹ́. O dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. O ní ọkàn rẹ balẹ̀ pé èmi ni mo wà nílé.

Mo ti wá mọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ tìrẹ. Ilésanmí ló sọ fún mi. Nọ́ọ̀sì ṣí i, ó rí òdo mẹ́fà àti ojú ẹkún méje, ó pè ọ́ ní Aláúsá, ó bi ọ́ pé ṣé ọmọ ṣì wà láyé. Èmi kò mọ gbogbo ìyẹn. Ohun tí èmi mọ̀ ni pé èmi àti ọmọ jókòó lọ́dọ̀ Ùsmán lọ́sàn-án gangan, o sì sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, bàtà rẹ kan lọ́wọ́, o fa ọmọ dìde. Ọwọ́ rẹ̀ kún fún ọbẹ̀ títí dé ìgúnpá. O kò rí ọbẹ̀ náà. O na fọ́ọ̀mù tí o gbà padà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì sí mi, o ní ṣé mo fẹ́ pa ọmọ yín ni. Mo ní kò sí ohun tó ṣe ọmọ, iyán nìkan ni kò jẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò yẹ kí n sọ. Nígbà náà ni o sọ èyí tí mo gbé wọ mọ́tò lọ́jọ́ kejì, tí mo sì ń gbé kiri láti ìgbà náà:

"Bàbá, Màmá gún iyán fún yín títí apá wọn fi kọ̀ ọ́. Ẹ ò jẹ nǹkan mìíràn lọ́jọ́ kan ṣoṣo kí wọ́n lè sinmi."

Lọ́jọ́ Ẹtì Ilésanmí pè, mo gbé tirẹ̀. Ó ní wọ́n ti tún wọn ọmọ, ìwọ̀n rẹ̀ ti gòkè, nọ́ọ̀sì sì fẹ́ mọ ohun tí ẹ fún un. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo sì sọ lọ́kàn mi pé ó dára, Ìbídùn ti wá mọ̀ pé n kò ṣẹ̀, òun ni yóò wá bẹ̀ mí. Nítorí náà, bí o ṣe ń pè ni n kò ṣe gbé e. Mo ń dúró kí inú mi yọ́. Kò yọ́, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù ló wà nínú rẹ̀.

Ìyàwó Dàwódù tó wà lẹ́bàá wa ló ń bá mi gún iyán láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ, mo sì ń fún un ní iṣu tirẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó lọ kí ọmọ rẹ̀ tó bímọ ní Adó, ó lo ọjọ́ mẹ́rin. Ọjọ́ àkọ́kọ́ mo jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì, mo ní n kò tíì jẹun. Ọjọ́ kejì ojú mi ń ṣú. Mo dìde, mo gbé ẹ̀wà kaná. Ìbídùn, n kò mọ̀ pé ẹ̀wà máa ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, mo rò pé wọ́n ta èyí tó ti bàjẹ́ fún mi. Omi gbẹ, mo bu omi, ó tún gbẹ, ìdí ìkòkò jóná. Mo fi iyọ̀ sí i lẹ́ẹ̀mejì nítorí mo gbàgbé ti àkọ́kọ́. Mo bu orí rẹ̀ tí kò jóná, mo fi epo sí i, mo jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mo ń dúró de ebi, kí ó lè dá mi lójú pé n kò jẹun. Mo dúró títí àwọn ọmọ iléèwé fi ń darí bọ̀. Ebi náà kò wá.

Níbẹ̀ ni mo wà tí àwọn ìyá ìjọ mẹ́ta fi wọlé. Oṣù tó ń bọ̀ ni yóò pé ọdún mẹ́sàn-án tí ìyá rẹ ti sinmi, wọ́n sì fẹ́ dáná díẹ̀ lẹ́yìn ìsìn fún ìrántí rẹ̀. Wọ́n ní ohun tí Jemimah fẹ́ràn láti jẹ ni àwọn fẹ́ sè, kí n sọ ọ́. Mo ní iyán, kíá. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ní bẹ́ẹ̀ kọ́, pé ìyẹn ni èmi fẹ́ràn. Ó ní òun ń bèèrè èyí tí ìyá Ìbídùn fẹ́ràn.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rò ó. Wọ́n lọ, mo rò ó. Mo lọ bá àbúrò mi, ó ní ìyàwó mi mọ iyán gún, kò ní kókó. Mo bi ọkùnrin tí a jọ ń lọ sóko nígbà náà, òun náà ní iyán rẹ̀ kò láfiwé. Gbogbo ìlú ló mọ ohun tó gbé síwájú mi. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni a fi jọ gbé, Ìbídùn, n kò rí i kí ó jẹun tán lójú mi rí. Yóò gbé tèmi wá, yóò bu omi ìfọwọ́, yóò padà sí ẹ̀yìnkùlé, n óò sì máa gbọ́ ohùn òun àti ìwọ lọ́hùn-ún, ẹ máa ń rẹ́rìn-ín. N kò dìde wá wo ohun tó wà nínú àwo yín lọ́jọ́ kan. Mo rántí pé títí di ọdún tó ṣe aláìsí, ó máa ń fi àkísà di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún. N kò bi í léèrè. Mo fọ ọwọ́, mo jẹ iyán.

Òótọ́ ni o sọ. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni, mo sì ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ, nítorí ìwọ lo gba ọmọ odó náà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí apá rẹ̀ kọ̀, o kò sì tíì ju ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ.

Ní ti owó, mo fẹ́ kí o fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra sítóòfù kékeré kan àti ìkòkò, nítorí ìkòkò àkọ́kọ́ ti kú. Má fi í sínú fóònù o. Mo ti yẹ fóònù mi wò yípo, ihò tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kò gba owó bébà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ká a. Fi rán ẹni tó bá ń bọ̀. Mo sì ń bẹ̀ ọ́ kí Tófúnmi wá lo Kérésìmesì lọ́dọ̀ mi. Má fi núdùsì sínú ẹrù rẹ̀, má sì fi fọ́ọ̀mù sí i. Ohun tí a bá jọ sè la óò jọ jẹ, ẹnu mi ni yóò kọ́kọ́ wọ̀.

Èyí tó kù ni mo tìtorí rẹ̀ mú bírò. Ìwọ nìkan lo bá a jẹun lẹ́yìnkùlé. Jọ̀ọ́, kọ ọ́ sínú ìwé kí o fi ránṣẹ́ sí mi: kí ni ìyá rẹ fẹ́ràn láti jẹ? Kọ bí wọ́n ṣe ń sè é pẹ̀lú, má fo nǹkan kan, kọ iye ìgbà tí wọ́n ń fi iyọ̀ sí i. N kò ní jẹ́ kí àwọn ìyá ìjọ sè é. Èmi ni n óò sè é.

Ilé rẹ yóò tòrò. Ọmọ rẹ yóò jẹ, yóò sì yó. Kí Olúwa má sì jẹ́ kí o bá ẹnikẹ́ni gbé ọdún mẹ́rìnlélógójì láìjẹ́ pé ó bi ọ́, lójoojúmọ́, ohun tí o fẹ́ jẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Bọ́dúndé.